Rẹfirí Àárọ̀ Ilé Alájì Sùlèímọ́nù

Gbogbo Ìbàfò ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Ògúnkànmí fún lándílọ́ọ̀dù ní káàdì pupa nínú balùwẹ̀. Àwọn tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ jù. Yàrá méjìlá ni ilé Alájì Sùlèímọ́nù, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ iléèwé ti tò, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, táwẹ̀ẹ̀lì lọ́rùn, nígbà tí Alájì gba àárín wọn kọjá, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, tí Alájì ń kọrin.

Fèrè dún fíìì.

"Ta nìyẹn?" Alájì béèrè látinú ọṣẹ.

"Rẹfirí ni. Ẹ jáde, sà. Ẹ ti kọjá àwọn ọmọdé lórí ìlà."

"Èmi? Nínú ilé tí mo fi owó mi kọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé. Èmi ni mo ni aago mẹ́fà."

Alájì yọrí síta láti bú u. Ohun tó kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo tí ọṣẹ kò tíì wọ̀, ni páálí pupa tí bàbá náà nà sókè, apá rẹ̀ gún ṣánṣán. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án hó yèè. Ọkùnrin tí gbogbo ayálégbé ń wárí fún bá jáde tòun ti táwẹ̀ẹ̀lì, ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ọṣẹ ń gbẹ mọ́ ọn ní irùngbọ̀n, títí ọmọ tó kẹ́yìn fi wẹ̀ tán. Ó búra pé òun á lé bàbá náà jáde kí oṣù tó parí. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ìyàwó rẹ̀ kékeré ti fi orúkọ àwọn ọmọ tiwọn méjèèjì kún ìwé tí rẹfirí ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń jí sí.

Ọmọ Ìkìrun ni Bàbá Ògúnkànmí, iṣẹ́ káfíńtà ló sì gbé e dé Ìbàfò. Kí a má purọ́ mọ́ òkú, káfíńtà burúkú ni. Ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í tì, èyí tó bá sì tì kì í ṣí mọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pè é ní káfíńtà. Ogún ọdún gbáko ló fi ń fọn fèrè bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kí eékún rẹ̀ tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀, rẹfirí ló sì ka ara rẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ṣòkòtò pénpé dúdú àtijọ́ yẹn ṣì ni ó ń wọ̀ káàkiri àdúgbò, láìka ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dà sí.

Nùsírátù, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti bàbá, ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ sísè ló ń ṣe ní ilé oúnjẹ kan ní Bẹ́gà, ní Èkó. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló gbọ́dọ̀ kúrò nílé kó tó lè débẹ̀ lásìkò. Sàhéèdì, ọkọ rẹ̀, ń wa tírélà, ìgbà tó bá wu tírélà ló ń wálé. Fàsílátù, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ló wá ń dá jí, tó ń padà sùn, tó ń fi ojú àìfọ̀ àti inú òfìfo sáré lọ síléèwé. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló pẹ́ láàárín táàmù kan.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá Sàhéèdì ní Ifọ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ifọ̀. Ó pe Nùsírátù lórí fóònù, kò tilẹ̀ dúró kó kí òun tán.

"Ọmọ ọmọ mi kò ní máa jí bí ẹni tí kò ní ìyá. Tó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí táàmù tó ń bọ̀ yìí tó parí, mò ń bọ̀ wá mú un."

Nùsírátù mọ̀ pé ìyá náà kì í ṣeré. Ó ti mú ọmọ àbúrò Sàhéèdì lọ bẹ́ẹ̀ rí, ọdún Iléyá nìkan ni ìyá ọmọ náà sì ń fojú kàn án. Ẹ̀rù ba Nùsírátù débi pé ó lọ kúnlẹ̀ níwájú káfíńtà tí kò lè kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣáà bá mi kan ilẹ̀kùn fún un láago márùn-ún ààbọ̀."

"Kí n kan ilẹ̀kùn nìkan?"

"Ilẹ̀kùn nìkan, sà."

Ó bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, gbogbo ọmọ ilé ló ti ń jí sí fèrè bàbá.

Ẹnu Fàsílátù ni Nùsírátù ti máa ń gbọ́ ìròyìn àárọ̀ wọn nírọ̀lẹ́, torí kò sí nílé rí tí wọ́n bá ń ṣe é. Fèrè àkọ́kọ́, kí oníkálukú jáde sí fàráǹdà, kó mu omi ife kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á na apá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ kì í lè bẹ̀rẹ̀ kọjá orúnkún, ó ní rẹfirí kì í bá àwọn agbábọ́ọ̀lù gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń fọ eyín gbọ́dọ̀ fi imú kọ orin kan tán kó tó tu ìfófòó dànù. Wọ́n á wẹ̀ ní méjì-méjì, ẹni tó kéré jù ló ń ṣáájú. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹ̀wà tàbí ẹyin sísè, orí ìjókòó ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, tòun ti ìtàn bàbá, ìyẹn sì ni hááfù-táìmù. Ọmọ tí kì í fẹ́ jí tẹ́lẹ̀ wá ń jí ṣáájú fèrè.

Àwọn òbí gan-an ni wàhálà. Òfin wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọgun mọ́ ọmọ, tàbí kó na ọmọ, kí ọmọ tó jẹun. Ìbíwùnmí, ìyá Jésùlayọ̀mi, kì í pa ìṣọ́ òru oṣooṣù jẹ ní Redemption Camp, níbi tó ti máa ń fi omijé bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ òun di ẹni ńlá. Tó bá padà dé láàárọ̀, aago mẹ́fà kì í lù kó tó fọ́ ẹni ńlá ọ̀hún létí. Káàdì yẹ́lò méjì ló gbà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọmọ mi ni, sà! Èmi ni mo bí i!"

"Ìwọ lo bí i, mo gbà. O ò sì ní nà án lórí pápá mi."

"Kí ni mo wá fẹ́ ṣe tí kò bá gbọ́ràn?"

"Pè é lórúkọ. Orúkọ tó o sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, kì í ṣe èyí tó ò ń pè é láàárọ̀."

Ìbíwùnmí wá ń fi ojú na ọmọ rẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Bàbá fún un ní káàdì torí ojú pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ènìyàn mímọ́ ni bàbá náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ ṣàkíyèsí pé fèrè ń dún, wọn ò sì rí ẹni tó ń fọn ọ́n. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé. Rẹfirí wà lábẹ́ aṣọ ìbora, ojú rẹ̀ dì pa, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀. Fàsílátù wọlé, ó mú páálí yẹ́lò lórí ìṣó, ó nà án sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ń sùn lórí pápá, sà."

"Rẹfirí kì í gba káàdì!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jiyàn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó fi báírò pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé, lábẹ́ àwọn tó ti gba káàdì, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ọ̀sán.

Báyìí ni táàmù náà fi ń parí lọ. Ó ku ọjọ́ méjì péré, Fàsílátù kò sì tíì pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nùsírátù ń din dòdò lọ́wọ́ ní Bẹ́gà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìbíwùnmí ni.

"Ìyá Fàsílá, ìyá ọkọ ẹ ti dé o! Ó ní Mowe lòun sùn lánàá, nílé àbúrò òun, kó lè ká yín mọ́. Gbọ́, gbọ́!" Ó na fóònù síta kó lè gbọ́.

Ohùn Ìyá Ifọ̀ ló ń dún. "Fàsílátù, gbé báàgì ẹ. À ń lọ. Ìyá ẹ ò sí nílé, bàbá kan tó wọ ṣòkòtò pénpé ló wá ń fọn fèrè sí ọmọ mi létí!"

"Ìyá àgbà, mi ò tíì jẹun tán."

Fèrè dún. Nùsírátù di orí mú.

"Ìyá, ẹ wọ orí pápá láìkí ọmọ kankan. Káàdì yẹ́lò."

Ìyá Ifọ̀ wá sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. "Yíjú sí mi. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo wá fọn fèrè fún wa ní Ifọ̀ lọ́dún 1986, lọ́jọ́ tí wọ́n gbá àṣekágbá?"

Nùsírátù gbọ́ bí inú bàbá náà ṣe dùn. Ìtàn tó fẹ́ràn jù láyé rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá a gbé tí kò tíì gbọ́ ọ: bí òjò ṣe ń rọ̀, bí òun nìkan ṣe rí pẹ́nárítì kan ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, bí àwọn ará Ifọ̀ ṣe gbé òun sórí jáde ní pápá.

"Èmi ni, Ìyá! Èmi gan-an ni! Ẹ̀yin lẹ gbé mi sórí jáde ní pápá! Ẹ mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ ẹ́? Àbúrò mi ló ń ṣọ́ gólì Ifọ̀ lọ́jọ́ yẹn! Ta ló gbé ẹ sórí? Òkò la fi lé ẹ dé ojú irin! Bàtà ẹ ẹsẹ̀ kan ṣì wà nílé wa!"

Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín. Ìbíwùnmí ní gbogbo wọn ló kọjú sí bàbá, tí wọ́n ń wò ó.

"Àbúrò mi ò fara kan agbábọ́ọ̀lù tó o fún ní pẹ́nárítì yẹn," Ìyá Ifọ̀ ní. "Títí tó fi kú ló ń sọ ọ́, pé òun ò fara kàn án. Ṣé ẹni tó lè purọ́ mọ́ ènìyàn báyìí ni yóò máa tọ́ ọmọ mi? Fàsílátù, báàgì ẹ dà?"

Dòdò ti ń jóná níwájú Nùsírátù. Ó rò ó pé ó ti tán. Ó mọ Bàbá Ògúnkànmí: ọkùnrin tó jiyàn ọjọ́ mẹ́rin lórí oorun kò ní gbà láé lórí pẹ́nárítì.

"Ìyá," bàbá náà ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Kì í ṣe pẹ́nárítì."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kì í ṣe pẹ́nárítì. Àbúrò yín ò fara kàn án. Èmi ni mo ṣìṣe. Ẹ forí jì mí." Nǹkan kan ró gbì. Eékún tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ti kanlẹ̀, bàbá sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ kàn jẹ́ kí ọmọ yìí jẹun tán kó lọ síléèwé. Kò pẹ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń jí i. Ẹ bi í léèrè."

Ọmọ mẹ́ta ló gbé e dìde. Ìyá Ifọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ, ó fi ìbòrí nu ojú, nígbà tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ, ó mu ún. Òun fúnra rẹ̀ ló mú Fàsílátù lọ síléèwé. Wọ́n débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí géètì, ó sì dá padà sí Ifọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan ránṣẹ́ nínú láílọ́ọ̀nù.

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò sọ ìtàn Ifọ̀ mọ́. Tí àwọn ọmọ bá bi í, á ní eyín ń dun òun. Ó máa ń dun Nùsírátù dé ọkàn, torí ó mọ̀ pé bàbá náà kò ní nǹkan mìíràn tó fi ń yangàn. Kò mọ bó ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dòdò ló ń gbé fún un nírọ̀lẹ́, bàbá á sì jẹ ẹ́ tán kó tó sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Ó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Gbogbo ilé ló ti ń sọ pé àga yẹn máa pa á lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe àga ló pa á. Wọ́n gbé e lọ sí Ìkìrun. Alájì Sùlèímọ́nù ló sunkún jù nínú gbogbo ayálégbé àti onílé.

Nùsírátù rí iṣẹ́ mìíràn sí Mowe, aago mẹ́jọ ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó wà nílé, òun àti ọmọ rẹ̀ jọ jókòó ti ẹ̀kọ. Fàsílátù ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó jí i, ó ti wẹ̀, ó ti mu omi ife kan.

"Ó máa ń dùn mí," Nùsírátù ní, "pé torí tiwa ni bàbá ṣe tẹ́ lójú gbogbo yín lọ́jọ́ yẹn. Àní kó gbà pé òun ṣìṣe lórí pẹ́nárítì yẹn!"

Ọmọ náà wojú ìyá rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Pẹ́nárítì ni, Mọ́mì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá ni. Lọ́jọ́ kejì, lójú ọ̀nà iléèwé. Ó ní ṣòkòtò ni àbúrò ìyá àgbà fi ọwọ́ fà mọ́ agbábọ́ọ̀lù yẹn nídìí, pé òun rí i kedere. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ìyá àgbà má bàa padà wá mú mi."

Nùsírátù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín mọ́ nínú omi náà. Ó fẹ́ràn bàbá yẹn, kò sì sọ ọ́ fún un rí.

"Jẹun ẹ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀kọ ń tutù."