Ìpẹtà Inú Èèkù

Ní ìlú Tsuyama, kò sí ẹni tó ń dán idà tí ẹnu rẹ̀ mú tó Minegishi, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún. O lè mu tíì rẹ̀, o lè jókòó lórí tìmùtìmù rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ pa irin tó máa ń wà nínú èèkù idà, o ti dá wàhálà sílẹ̀. Ìpẹtà dúdú ibẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí idà. A kì í nù ún, a kì í fọ̀ ọ́. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́ ìtàn ọ̀dọ́kùnrin kan tó fi ọtí kíkan àti sáńpépà bó irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀ dànù.

"Òmùgọ̀ paraku ni," bàbá á wí, wọn á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Lóṣù kẹwàá, opó kan tó ń jẹ́ Hisano gbé idà kan wá. Inú àjà abà ìdílé ọkọ rẹ̀ ló ti rí i, ó sì ti fi tó ọlọ́pàá létí. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba máa wò ó. Bó bá jẹ́ idà àtijọ́, wọn á fún un níwèé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe fún ológun nígbà ogun, wọn á gbà á, wọn á gé e wẹ́wẹ́.

"Àbúrò ọkọ mi ní pàǹtí ogun ni," Hisano wí. "Àmọ́ ọkọ mi sọ kó tó kú pé ti baba ńlá àwọn ni. Bàbá, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ló máa parun sí."

"Ẹ má tíì sin ẹni tí kò kú, Màmá. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Àkọ̀ ológun ni, awọ ni wọ́n fi bò ó. Ìyẹn ò dẹ́rù ba Minegishi. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló wọ idà àtijọ́ láṣọ ogun kí ọmọ wọn tó lọ sójú ogun. Òrùka bàbà tó wà lẹ́sẹ̀ idà náà ti pẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ti bo ojú idà, òfin kò sì gbà á láyè láti dán an kí ìwé tó jáde. Ló bá yọ èèkù.

Irin inú rẹ̀ mọ́ fónífóní. Nínú ohun tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, "oṣù kejì" nìkan ló ṣẹ́ kù.

Minegishi yára dá èèkù padà sórí rẹ̀.

"Ṣé mímọ́ tó mọ́ yẹn ò dáa ni?" Hisano bi í.

"Kò dáa, Màmá. Bí wọ́n bá rí i báyìí, tuntun ni wọ́n máa pè é."

Bí obìnrin náà ṣe lọ tán, Minegishi ṣí dúrọ́ọ̀ kan tí kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Bébà kan ló wà níbẹ̀. Ní ọdún méjìdínláàádọ́ta sẹ́yìn, ọ̀gá rẹ̀ Onodera tẹ́ ẹ lé irin yẹn, ó fi tàdáwà ra á, gbogbo ohun tí wọ́n gbẹ́ sì hàn ketekete: ọdún karùn-ún sànmánì Eiroku, oṣù kejì. Ó lé ní irinwó ọdún. Lẹ́bàá òǹtẹ̀ ọ̀gá ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Lọ́jọ́ kejì, Minegishi ọmọṣẹ́ mi bó ìpẹtà rẹ̀ dànù." Bàbá ọkọ Hisano fi ìbínú gbé idà rẹ̀ lọ nígbà náà, ó lọ fi pa mọ́. Ọ̀gá kò na Minegishi. Ó kàn ní kó tọ́jú bébà náà, pé idà yẹn á padà wá.

"Ṣé ẹ ò lè gé ìsàlẹ̀ yẹn kúrò ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Minegishi mú àlùmọ́gàjí. Ó wo òǹtẹ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá lọ, òǹtẹ̀ á bá a lọ, bébà lásán ló sì máa kù. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ojú sì tì í gan-an.

Lọ́jọ́bọ̀, Nagase ló ṣáájú àwọn olùyẹ̀wò. Ọ̀dọ̀ Minegishi ló ti kọ́ṣẹ́. Ó yẹ irin náà wò, ó mi orí.

"Màmá, ẹ má bínú. Irin yìí mọ́ jù."

Minegishi dìde láti ẹ̀yìn, ó tẹ́ bébà síwájú rẹ̀. Nagase bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó dákẹ́.

"Kà á tán."

"Ọ̀gá, èyí tí mo kà ti tó."

"Mo ní kà á tán, Nagase."

Ó kà á. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Minegishi yíjú sí Hisano, ó tẹrí ba débi tí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì.

"Òmùgọ̀ tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ yẹn, èmi ni. Ẹ forí jì mí, Màmá."

Nagase fi "oṣù kejì" ti ara irin wé ti inú bébà, ìlà kan kò yàtọ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà. Nígbà tí òǹtẹ̀ ìjọba balẹ̀ sórí ìwé, Hisano di idà rẹ̀ padà sínú aṣọ, ó sì gbé e lé Minegishi lọ́wọ́.

"Ẹ lọ bá mi dán an, Bàbá," ó wí. "Ojú rẹ̀ nìkan o."