Apá Ọ̀tún Ni Bàbá Yésúfù Ti Ka Orúkọ Wa

Ìdájí ni mo kúrò ní Atikori, n'Ìjẹ̀bú-Igbó, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo lábẹ́ aṣọ mi kí òjò má baà pa á. Ẹ̀rù ń bà mí ju ti ọjọ́ ìdánwò lọ.

Ẹni méje ni a jọ ṣe ìwádìí lórí ẹja ọ̀sà. Àwọn ọ̀mọ̀wé márùn-ún wà n'Ìbàdàn, èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wà nílé, Bàbá Yésúfù apẹja sì wà ní Òde-Omi. Ọdún méjì gbáko ni Bàbá fi ka ẹja inú àwọ̀n rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń fi kéú kọ ọ́ sílẹ̀, tí èmi sì ń tú u. Ìwé ìwádìí náà fẹ́ di títẹ̀ wàyí. Àwọn ará Ìbàdàn ní bí a, b, d bá ṣe tò ni kí orúkọ wa tò. Bẹ́ẹ̀ ni èmi Àbúdù, àbúrò gbogbo wọn, ṣe di ẹni iwájú, tí Bàbá Yésúfù di ẹni ìkẹyìn. Nílé wa, ta ló ń wẹwọ́ ṣáájú àgbà? Bí Bàbá kò bá sì fọwọ́ sí i, a ó yọ kíkà rẹ̀ kúrò, iṣẹ́ wa á wá di ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Bọ́lẹ́kájà gba ṣílè méjì dé Ìwòpin, ẹ̀ẹ̀mejì ló rì sínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi gba sísì dé Òde-Omi.

Atukọ̀ wo bí mo ṣe fajú ro. “Tíṣà, ṣé òkú lẹ ń lọ sin ni?”

Bàbá fi ẹ̀bà àti ẹja èpìyà tútù gbà mí lálejò. Gbígbẹ là ń jẹ n'Ìjẹ̀bú-Igbó, a kàn ń tan ara wa ni. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo fa ìwé yọ.

“Kí rè é?”

“Orúkọ wa ni, Bàbá. Orí ìlà kan ni gbogbo wa wà.”

“Èwo ni tèmi?”

Mo tọ́ka sí ìparí ìlà, lápá ọ̀tún. Ojú rẹ̀ tàn. Apá ọ̀tún ni ìwé kéú ti ń bẹ̀rẹ̀.

“Alihamudulilai! Ẹ fi mí síwájú!”

Ó wù mí kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún méjì tí Bàbá fi ka ẹja, kò fi irọ́ kankan sí i rí. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, apá òsì ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo wà níwájú. Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn.”

Ó wo ìwé, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Dìde, jàre. Ìwọ máa kà á láti òsì, èmi á máa kà á láti ọ̀tún. Kí àwọn ará Ìbàdàn dúró dè wá láàárín.”

Ó fi kéú kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó di ẹja fún ìyàwó mi. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo wọ Atikori. Aládùúgbò kan rí ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n ka orúkọ wa fún òun. N kò mọ ìgbà tí mo ti apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀.