Koríko Ẹnu Ilé Malachy

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dájú ní abúlé wa, ẹ bi wọ́n pé ta ló ń gé pápá ìṣeré wọn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Fachtna Mulqueen ni. Èmi Gobnait, àbúrò rẹ̀, ni mò ń fọ ẹrẹ̀ aṣọ rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, inú sì ń bí mi.

Pápá bọ́ọ̀lù onígi ni, èyí tí a máa ń fi ọ̀pá gbá. Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, ẹnu ilé, ìyẹn iwájú òpó góòlù, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì di àbàtà. Jarlath Considine, alága ẹgbẹ́, ọmọ àná tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí àfi lẹ́nu, ní ká hú gbogbo ẹ̀ dànù, ká tẹ́ koríko oníke. Fachtna ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Òun á gé koríko ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, òun á lọ tẹ́ ẹ síbẹ̀. Bí kò bá mú ilẹ̀, kí wọ́n ra ike wọn, òun náà á dá kọ́kọ́rọ́ pápá padà.

Ẹ̀yin ẹ wo iṣẹ́. Ó tu ilẹ̀ kó tó tẹ́ ẹ, ó tò ó bí ìgbà tí bíríkìlà ń to bíríkì, ó gbé pákó lé e, ó rìn lórí pákó náà títí koríko fi jókòó dáadáa. Ni òjò tó ti ń bá wa jà ní agbègbè Clare wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa bá dá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń fi ọmọlanke ti omi odò wá ní àgbá méjì méjì, kí oòrùn tó mú. Mo ní ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Láràárọ̀, á fi ìka méjì gbé etí ọ̀kan nínú àwọn ègé koríko náà. Bó bá gbéra, á tẹ̀ ẹ́ padà, kò ní sọ̀rọ̀ fún mi títí di ọ̀sán. Ajá Fádà gba orí ẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan. Ohun tó sọ fún Fádà, mi ò lè tún un sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Malachy Hehir kú. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣọ́ ilé yẹn kí bọ́ọ̀lù má bàa wọ̀ ọ́, Fachtna ló sì máa ń dúró níwájú rẹ̀ láti dí ọ̀nà. Bí aṣọ́lé bá kú lọ́dọ̀ wa, ẹnu ilé tó ṣọ́ la máa ń gbé pósí rẹ̀ dúró sí ká tó sin ín. Ọjọ́ méjì gbáko ni Fachtna fi jókòó ti òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò yọjú sí pápá, èmi ni mo ń bá a bomi rin koríko.

Nígbà tí a gbé Malachy dé, Fachtna sáré ṣíwájú, ó dúró sórí ìlà tó yí ẹnu ilé náà ká.

“Ẹ gbé e dúró síbí. Koríko yìí ò tíì mú ilẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, ó tán nìyẹn.”

“Bàbá,” ni Considine wí fún Fachtna, “ẹ tìtorí ewé dá òkú ọ̀rẹ́ yín dúró lójú ọ̀nà. Ojú ò tiẹ̀ tì yín.”

“Ọ̀rẹ́ mi ni. Kì í ṣe tìẹ.”

“Ká ní ike la tẹ́, ì bá ti wọlé.”

“Jarlath,” mo ní, “ẹnu rẹ ló yẹ kí wọ́n fi ike náà dí.”

Ibẹ̀ ni àwọn èrò ìsìnkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn pé ọ̀dájú ni Fachtna. Àwọn tí kò bomi rin òdòdó rí. Considine rí i pé wọ́n wà lẹ́yìn òun, ló bá ní kí gbogbo ayé wá wo ohun tí à ń torí ẹ̀ tàbùkù òkú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kóòtù dúdú rẹ̀, ó mú etí koríko kan, ó fà á. Kò wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fà á tagbáratagbára. Ewé já sí i lọ́wọ́, ó fìdí jókòó gbì níwájú pósí. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Fachtna kúnlẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé etí kan náà bó ṣe máa ń ṣe. Kò gbéra. Ó tún gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ó ti mú,” ó ní. Ó dìde, ó lọ gba iwájú pósí lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. “Ẹni mẹ́fà péré. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tẹ̀ lé wa.”

Òun ló kọ́kọ́ tẹ koríko náà, òun tí kò jẹ́ kí ajá tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tó ń bá pósí sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Malachy, má bínú. Kò sí ẹrẹ̀ níbẹ̀ mọ́.”

Considine ti gbọn ìdí rẹ̀ nù, ó fẹ́ wọlé tẹ̀ lé wọn. Fachtna ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

“Ìwọ dúró síbẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó tó lè gba ẹsẹ̀ tìẹ.”