Dírọ́ọ̀mù Tí Mo Gún Bí Ọlọ

Òórùn búrékì tó gbóná jù ni mo fi ń rántí Ayébòdé, ìlú wa, ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di awakọ̀. A kò tíì gba òmìnira nígbà náà. Bọ̀lẹ̀kájà ni mò ń wà, mo sì ń kó èrò àti iṣu láti ọjà wa lọ sí Ìfàkì. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn, kì í tán lára aṣọ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, mẹkáníìkì tó ń bá mi tún ọkọ̀ náà ṣe tú táyà iwájú kan níwájú ilé ìyá mi. Ó ní kí n fi èékánná kan etí dírọ́ọ̀mù búrékì, irin rìbìtì tó ń bá táyà yí. Inú rẹ̀ ti jẹ wọlé, etí rẹ̀ yọ sókè, ojú rẹ̀ sì ń dán.

"Ó ti tó pààrọ̀," ni ó wí. "Èyí tó bá ti yọ etí báyìí, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀."

Ìbàdàn la ti lè rí tuntun, iṣu àwọn èèyàn sì ti wà nílẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ. Bí ọlọ bá dán tí kò lọ ata mọ́, ṣebí òkúta líle ni àwọn ìyá wa fi ń gún un lójú? Mo mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti òòlù, mo gún inú dírọ́ọ̀mù náà títí ó fi rí ṣákiṣàki. Mẹkáníìkì di irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní ojú òun kò sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo dá a padà sára ọkọ̀.

Ìyá mi, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ọlọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, ata àkọ́kọ́ dídànù ni. Òkúta ló ń kún inú rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní irin kì í ṣe òkúta. Nígbà tí mo dán ọkọ̀ wò, búrékì náà mú ṣinṣin. Inú mi dùn gan-an.

Àmọ́ mẹkáníìkì ti sọ̀rọ̀ káàkiri. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn èrò kàn dúró, wọ́n ń wò mí. Ìyá mi ló gbé agbọ̀n rẹ̀, tó gun iwájú ọkọ̀.

"Bí èmi ò bá wọ ọkọ̀ ọmọ mi, ta ni yóò wọ̀ ọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe wọ ọkọ̀.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kù díẹ̀ ká dé Ìfàkì, mo tẹ búrékì, ẹsẹ̀ mi sì bá a dé ilẹ̀ lásán. Mo yí ọkọ̀ sínú oko kan, ebè iṣu ló dá wa dúró. Ẹnikẹ́ni kò kú, àmọ́ ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi ṣẹ́. Nígbà tí a tú táyà, ìyẹ̀fun dúdú ló ń dà jáde. Láínì, ohun líle inú búrékì tó yẹ kó di dírọ́ọ̀mù mú, ni ojú tí mo gún ti lọ̀ kúnná.

Wọ́n to eegun náà, àmọ́ kò tọ́ mọ́. Ìyá mi kò tún di ọmọ ọlọ mú títí ó fi kú, ìyàwó mi ló ń bá a lọ ata. Kò fìgbà kan mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Mo wakọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Bí àwọn awakọ̀ kékeré bá bi mí bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé dírọ́ọ̀mù ti tó pààrọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n fi èékánná kan etí rẹ̀. Èyí tí n kì í sọ fún wọn ni pé, kí n tó ní dírọ́ọ̀mù kan ṣì ṣeé lò, mo máa ń kọ́kọ́ mú ìyá mi jókòó síwájú ọkọ̀ náà lọ́kàn mi.