Ọjọ́ Tí Mo Kánjú Ṣí Oru

Ọjọ́ tí mo kánjú ṣí oru omi gbígbóná ni n kò lè gbàgbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì ni. Nílé iṣẹ́ òróró wa ní Makera, omi tútù la fi ń sọ oru di omi nínú àgbá. Bàbá Kàrímù, ọ̀gá mi, máa ń kọ́kọ́ fẹ̀yìn ọwọ́ kan páìpù omi láti mọ̀ bóyá omi tútù ti dé, kí a tó ṣí oru.

Lọ́jọ́ náà, mo wo géèjì, aago tó ń wọn omi, mo ní, "Bàbá, géèjì ní omi ti dé."

"Haba, alákọ̀wé! Géèjì ò mọ òtútù."

Kí Bàbá tó nawọ́ kan páìpù, mo ṣí oru. Géèjì ti bàjẹ́, páìpù gbẹ. Oru kò rí omi pàdé, ó já ìdérí àgbá, ó sì bó ọwọ́ Bàbá. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, n kò tilẹ̀ lè sunkún.

Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n kò mọ òtútù mọ́. Èmi ni mo ń fọwọ́ kan páìpù báyìí. Bàbá á sì bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ó tutù?"