Ẹni Tó Kú Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Èmi ni mo mọ̀wé ju ọmọ àbúrò bàbá mi lọ, ohùn mi ló sì já geere. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ará ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá sí ilé ìwé wa láti ṣa ọmọ tí yóò ṣe emèrè nínú eré wọn, òun ni wọ́n nawọ́ sí. Wọ́n ní ojú rẹ̀ tóbi, ó jọ ojú ẹni tó ń rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí. Ojú kan náà tó fi ń wá ẹran nínú ọbẹ̀ ni o!

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni àwa méjèèjì. Agboolé kan náà ni wọ́n bí wa sí ní Òwu, ọwọ́ Ìyá àgbà, ìyá àwọn bàbá wa, la sì jọ dàgbà sí. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án. Èmi á di ìwé eré náà mú, òun á kọjú sí ògiri, á máa bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀." Bó bá ṣì í sọ, èmi ni mò ń tún un ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má sunkún níbi tó ti ń dágbére, kó rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tó ń wò ó. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ ni inú ń bí mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi eré náà hàn, Ìyá àgbà ṣí ilẹ̀kùn onígi ara tẹlifíṣọ̀n wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. Pálọ̀ kún, àwọn aládùúgbò dúró lójú fèrèsé. "Ọmọ wa rè é!" ni gbogbo wọn ń pariwo. Ó rẹ́rìn-ín bí mo ṣe kọ́ ọ, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀, ó kú, wọ́n da aṣọ funfun bò ó.

Ìyá àgbà fò dìde, gèlè wọn bọ́ sílẹ̀. "Ta ló da aṣọ funfun bo ọmọ mi? Ta ní ń fi ikú ṣeré?"

Ẹni tó kú jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Ìyá àgbà, èmi nìyí." Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ títí ọkàn wọn fi balẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣe sàárà fún un. Àfáà ṣàdúà, a sì pín àkàrà, ìrèké àti ẹ̀pà fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Mo jowú sàárà náà pàápàá. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀kọ gbígbóná lásán ni wọ́n fún mi.

Ibi sàárà náà ni obìnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ti sọ fún Ìyá àgbà pé òun ti gbọ́ ọmọ náà níbi tó ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà mọ̀ pé eré ni ti tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ pe ẹgbẹ́ ọ̀run, ẹgbẹ́ lè dá a lóhùn. Wọ́n pe àwa méjèèjì.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé?"

"Eré yẹn náà ni mò ń kọ́, Ìyá àgbà. Ẹ bi í, òun ló ń bá mi mú ìwé dání."

Wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwé wo?" ni mo wí.

Ọmọ náà wò mí. Ìyá àgbà búra pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní tẹ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mọ́ láé. Inú mi dùn, ẹ má bi mí bó ṣe dùn tó. Ta ló tún kù tó mọ ọ̀rọ̀ emèrè náà lórí bí kò ṣe èmi?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mọ́tò àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ wá gbé e fún apá tó kù nínú eré náà, mo ti wẹ̀, mo ti lé tìróò. Ọ̀gá wọn dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá àgbà.

"Ẹ kú ilé, Ìyá. Àwọn méjèèjì la wá mú lónìí. Láti ọjọ́ tí ọmọ yín yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bẹ̀ wá pé ká mú ẹnìkejì òun, tó ń kọ́ òun, wá. A ti kọ ipa tirẹ̀ náà. Emèrè máa padà wá mú un lọ ni."

"Mú un lọ síbo?" Ìyá àgbà ti dìde. "Kò sí èyí tó máa lọ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ máa lọ ilé yín!"

Nígbà tí mọ́tò náà lọ tán, wọ́n rọra yíjú sí mi. "Tó ń kọ́ ọ, àbí? Ìwọ tí o ní o ò rí ìwé kankan?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu tìróò ojú mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi ti wọlé lọ, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń jowú rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ká ní èmi ni wọ́n mú ni, n kì bá tí sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹnì kan ló kọ́ mi.