Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Kọ Orúkọ Wa ní Ààyè

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sínú omi ló máa ń jí wa láàárọ̀ nílé Ìyá Àgbà, ní Ààyè-Èkìtì. Àlejò á fọwọ́ di imú. Àwa kọ́ o! Bí òórùn yẹn bá ti wọlé, a ti mọ̀ pé fùfú ń bọ̀ lọ́nà, ọkàn wa á sì balẹ̀. Títí di òní, tí mo bá gba ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ kọjá, ńṣe ni mo máa ń rọra rìn.

Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tán sí Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n ní kò síṣẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n Èkó náà kò rọrùn fún ọlọ́mọ: yàrá kan ṣoṣo, bàbá ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá ti lọ sọ́jà. Ni wọ́n bá ń kó àwa ọmọ padà wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, tàwa ti báàgì aṣọ wa. Ilé kún! Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ la máa ń tẹ́ ẹní sí. Bẹ́ẹ̀ ni àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé púpọ̀ ládùúgbò, tí koríko ti hù dé orí àtẹ̀gùn. Ìyá Àgbà á wo àwọn ilé náà, á mi orí, á wá fà wá mọ́ra. "Èèyàn laṣọ mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ẹ má bi mí pé mélòó la jẹ́. Ìyá Àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ rẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó ti sin méjì rí nínú àwọn tó bí, ó sì dá a lójú pé ẹnì kan ló kà wọ́n. Tó bá ń pín iṣu fún wa, orúkọ ló ń pè, kì í ka orí.

Ilé-ìwé wa ńkọ́? Ó ti ń ṣófo lọ. Kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ń jókòó pọ̀, tíṣà kan ṣoṣo ló ní wa. Bó bá kọjú sí àwa, àwọn yòókù á máa tòògbé. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ibẹ̀ bí ẹ̀mí mi, nítorí èmi ni mò ń lu agogo. Ẹ̀yin tí ẹ ti lu agogo ilé-ìwé rí, ẹ mọ irú ipò tí mò ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún wa lórí ìlà pé akọ̀wé kan ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, tí yóò kọ orúkọ àwọn ọmọ láti ilé dé ilé. Bí a kò bá pọ̀ tó, wọ́n á ti ilé-ìwé wa pa, a ó sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú kejì. Mo sáré dé ilé, mo sọ fún Ìyá Àgbà. Ó ní kò sẹ́ni tó máa ka ọmọ òun.

Lọ́jọ́ tí akọ̀wé dé, Ìyá Àgbà kó gbogbo wa wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síta, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo ń yọjú lójú fèrèsé. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ kí i, ọ̀gá ilé-ìwé wa wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mà, ọmọ mélòó ló ń gbé lọ́dọ̀ yín?"

"Ulé mi rèé. Kí lo fẹ́ fi iye ọmọ mi ṣe? Ṣé mo ka tìrẹ fún ọ ni?"

Akọ̀wé fa ìlà sínú ìwé rẹ̀, ó yí padà. Ọ̀gá wa káwọ́ lérí. Kí n tó mọ̀, mo ti fo fèrèsé, orúnkún mi bó.

"Bọ́sẹ̀dé lorúkọ mi, sà! Kíláàsì kẹrin! Èmi ni mò ń lu agogo!"

Ìyá Àgbà wò mí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ń dúró de ìgbájú, mo bú sẹ́kún. "Ìyá Àgbà, wọ́n fẹ́ ti ilé-ìwé wa pa."

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó bi akọ̀wé pé, "Orúkọ lo wá kọ, àbí iye?"

"Orúkọ ni, mà."

"Kọ wọ́n, má kà wọ́n."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń pè wá síta. "Abíọ́dún: ọjọ́ Kérésì ni wọ́n bí i, òjò gidi ló rọ̀ lọ́jọ́ náà. Yétúndé: ìyá mi ló padà wá. Táíwò rèé, Kẹ́hìndé rèé, wọ́n ò jẹ́ kí n sùn lọ́dún kan." Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ; gbogbo ilé wa ló pè fún akọ̀wé yẹn. Ọkùnrin náà kọ títí, ó ṣí ojú ìwé míì. Ìyá ilé kejì wa tó ti fi àwọn ọmọ tirẹ̀ pamọ́ gbọ́, òun náà ń ké láti ọ̀ọ́kán: "Ẹ máa bọ̀ níbí o, tèmi wà!" Kó tó di ọ̀sán, ilẹ̀kùn ti ń ṣí káàkiri Ààyè.

Wọn kò ti ilé-ìwé náà pa. Títí tí Ìyá Àgbà fi papòdà, bó bá ti gbọ́ agogo, á ní, "Tiwa nìyẹn."

Lónìí, tíṣà ni mí níbẹ̀, inú mi sì dùn, n ò ní tijú sọ ọ́. Ọmọ tó fo fèrèsé lọ́jọ́ náà láyà jù mí lọ. Èmi a máa kanlẹ̀kùn kí n tó wọlé. Èmi ni wọ́n ń rán láti ilé dé ilé báyìí, tèmi ti rẹ́jísítà. Lóṣù tó kọjá, ìyá àgbà kan rí báírò lọ́wọ́ mi, ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Mà, n ò wá kà wọ́n. Ẹ ṣáà pe orúkọ wọn fún mi."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n.